Abúlé Tó Wà Lábẹ́ Adágún

Òórùn páálí tó ti mu omi ló gba gbogbo ilé ẹrù tí a ti ń ṣiṣẹ́ ní Damastown nílùú òyìnbó lọ́dún kan, nítorí òrùlé ń jò níbi tí a ti ń jẹun. Ibẹ̀ ni èmi àti ọkùnrin kan, ará ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì lẹ́bàá Jámánì, máa ń jókòó mu tíì, àwa àgbà méjì láàárín àwọn ọ̀dọ́. "Pásítọ̀" ló ń pè mí, bẹ́ẹ̀ àga ni mò ń tò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. "Pásítọ̀, gbàdúrà sórí bisikíìtì yìí kó di méjì." Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi tó bá kan abúlé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó ya abúlé náà fún mi sẹ́yìn páálí: ilé díẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì láàárín, òkè kékeré kan tí wọ́n ń sìnkú sí, àti adágún kan tó ga ju àwọn ilé náà lọ. Àwọn àlùfáà ayé àtijọ́ ló gbẹ́ ẹ láti máa sin ẹja, wọ́n sì fi yẹ̀pẹ̀ mọ ògiri gbàgàdà kan dí i lẹ́nu. Abúlé sùn sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ìdílé tó ń sọ èdè Jámánì ló ń tọ́jú ògiri náà láti ìran dé ìran. Wọ́n mọ ibi tó ti rọ̀, wọ́n mọ ibi tí eku ti ń lu ihò sí i. Nígbà tí ogun ńlá parí tí Jámánì sì pàdánù, ìjọba kó àwọn ìdílé náà sínú ọkọ̀ ojú irin, ó lé wọn lọ. Àwọn ẹlòmíràn kó sílé wọn, àwọn òbí ìyá rẹ̀ sì wà lára wọn.

"Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn," ó ní, "ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi wọ́n nípa ògiri."

Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún, kò sì dá fún ọjọ́ márùn-ún. Ìyá rẹ̀, arúgbó tó ń dá gbé nílé tó sún mọ́ ògiri jù lọ, pè é lórí fóònù bí a ṣe ń mu tíì. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù.

"Ó ní omi ti ń sun nídìí ògiri. Ó ń bi mí bóyá kí òun gòkè lọ sílé aládùúgbò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń dùn ún. Pásítọ̀, bí ògiri yẹn bá wó..."

Mi ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ìwọ tó ń gbọ́ mi yìí náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé. Ìyá mi a máa gbá wa lẹ́nu tí a bá dárúkọ ikú níbi tí aláìsàn wà.

"Má sọ ọ́! Má fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Ìyá rẹ ò ní rí ibi. Ọ̀rọ̀ rere ni kó o bá a sọ."

Ó wò mí títí. Mo rí i pé ó ń fẹ́ gbà mí gbọ́. Ó wá bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ lédè wọn, ó sì pa fóònù.

"Mo ní kó jókòó sílé níbi tó móoru. Ó máa dáa, ó máa grand, àbí?"

"Grand ni, lórúkọ Jésù," mo ní. Èmi fúnra mi ni mo ṣe àmín sí i.

Kò wá síṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá wa ló sọ fún wa pé ògiri náà ti já. Àwọn ará abúlé ti sá lọ sórí òkè kó tó já. Èèyàn kan ṣoṣo ni omi gbé lọ.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi dé láti ibi ìsìnkú ìyá rẹ̀, mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un lórí sìmẹ́ńtì tútù yẹn. Ó di apá mi mú.

"Dìde, Pásítọ̀. Èmi ni mo mọ ògiri. Àwòrán lásán nìwọ rí."

Ì bá sàn fún mi kó bú mi. Ó ń bá mi mu tíì lọ, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ abúlé náà mọ́, mi ò sì bi í.

Mo ṣì ń gbàdúrà o, mi ò fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi lónìí pé ẹ̀rù ń ba òun, ìbáà ṣe ọmọ tí mo bí, mo máa ń kọ́kọ́ pa ẹnu mi mọ́. Màá bi í pé kí ló rí, màá sì jókòó tì í títí yóò fi sọ ọ́ tán, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà burú tó.