Alùpùpù Tí Asiata Fi Etí Yàn

Àdìrẹ ni Asiata ará Ìjemọ̀ ń tà, ṣùgbọ́n kì í jókòó tì í ní ọjà Ìtòkú bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí ọ̀nà oko sì gbẹ, yóò di aṣọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, yóò forí lé ọ̀nà Owódé, yóò sì máa ti abúlé bọ́ sí abúlé títí aṣọ yóò fi tán. Ẹrù tirẹ̀ kò pọ̀: ẹní kan, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kan, ìkòkò kékeré kan àti búùtà tí ó fi ń ṣe àlùwàlá. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí ni yóò sùn, ìbáà jẹ́ àtíbàbà ọjà, ìbáà jẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé. Láwàlì ọkọ rẹ̀ máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ìyàwó òun nìkan ni obìnrin tó lè di gbogbo ilé sínú àpò kan.

Àwọn ènìyàn a máa bi í bóyá ejò kì í bà á lẹ́rù lọ́nà, tàbí àwọn olè. A kàn rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń bà á lẹ́rù kì í ṣe ohun tí obìnrin ń sọ lẹ́nu. Orò ni. Nílẹ̀ Ẹ̀gbá, bí orò bá ti jáde, kò sí obìnrin tí í dúró níta, ìbáà jẹ́ ọmọ onílùú, ìbáà jẹ́ àlejò tó ń kọjá lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á ti kéde rẹ̀ ṣáájú, àwọn obìnrin á ti pọn omi, wọ́n á ti ra ata sílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ kò lè gbọ́ ìkéde. Ìyá Asiata, tí òun náà fi ẹsẹ̀ kiri aṣọ nígbà ayé rẹ̀, ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò máa ṣe.

"Bí o bá ti rí òrùlé abúlé lókèèrè, dúró. Dákẹ́. Tẹ́tí. Bí o kò bá gbọ́ ohùn odó, tí o kò gbọ́ kí obìnrin máa bá ọmọ wí, má wọ̀ ọ́."

Ó ti pa ìkìlọ̀ yìí mọ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kò sì ṣòro fún irú èyí, nítorí kẹ̀kẹ́ kì í bá ènìyàn du ọ̀rọ̀ sọ.

Lọ́dún 1982, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Òkè tí kò kà sí tẹ́lẹ̀ di ìyà fún un, débi pé ó ń ti kẹ̀kẹ́ ju bí ó ti ń gùn ún lọ. Ó ní òun yóò wá ẹ̀rọ tí yóò máa ran ẹsẹ̀ òun lọ́wọ́. Mọ́nsúrù, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló mú un lọ sọ́dọ̀ Theophilus, ẹni tó ń ta alùpùpù àlòkù ní Ìbarà.

"Ìyá aláṣọ, irú èwo lẹ fẹ́?" ni Theophilus bi í.

"Èyí tó lè gbé èmi àti ẹrù mi gba ọ̀nà oko."

Kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lẹ́nu rẹ̀, Mọ́nsúrù ti jókòó sórí alùpùpù pupa ńlá kan. "Ìyàwó, ẹ má wulẹ̀ wò kiri mọ́! Èyí ni. Bó bá dún níbí, wọ́n á gbọ́ ọ ní Lafẹ́ńwá."

Asiata ń wo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kékeré aláwọ̀ eérú kan tó ní ẹ́ńjìnnì tó sì tún ní pẹ́dà. "Èyí ńkọ́, Akọ̀wé?" Akọ̀wé ló ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ.

Mọ́nsúrù bú sẹ́rìn-ín. "Èyun? Kẹ̀kẹ́ tó gbé ẹ́ńjìnnì mì ni! Bí ẹ bá gun ìyẹn wọ Owódé, ewúrẹ́ ò ní yà fún yín."

Theophilus ní kí wọ́n gbé ńlá náà lọ lò ó wò fún ọjọ́ mélòó kan. Mọ́nsúrù kọ́ ọ lórí pápá ilé ìwé kan títí ó fi mọ̀ ọ́n gùn. Ẹ̀rọ náà wúwo bíi màlúù, ṣùgbọ́n bó bá ti gbéra, bí ẹni pé kò sí orúnkún lára ènìyàn mọ́.

Ó gbé e jáde lọ́jọ́ Ajé kan. Lẹ́yìn tó kírun ọ̀sán ní Owódé, ó yà sí ọ̀nà Abúlé Ṣódípẹ̀, níbi tó ti ní oníbàárà. Atẹ́gùn ń fẹ́ ìbòrí rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ní oríta, àwọn obìnrin méjì láti abúlé kejì tó ń bó ẹ̀gẹ́ dìde, wọ́n ń ju ọwọ́ sókè, ẹnu wọn ń lọ. Asiata rò pé wọ́n ń yọ̀ mọ́ ọn ni. Ó tẹ fèrè fún wọn. Ọ̀kan tilẹ̀ sáré tẹ̀ lé e díẹ̀.

"Mo máa yà sọ́dọ̀ yín bí mo bá ń bọ̀!" ló kígbe, ó sì kọjá lọ.

Ilé àkọ́kọ́ ti wà níwájú rẹ̀ kí ó tó rántí pé òun kò dúró tẹ́tí. Ilẹ̀kùn ilé náà wà ní títì. Ti èkejì wà ní títì. Iná kan ń rú èéfín níta, kò sí ẹni tó jókòó tì í. Màrìwò tútù wà lójú ọ̀nà níwájú rẹ̀, wọ́n ta á láti igi kan dé èkejì.

Ó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń dún lábẹ́ rẹ̀, kò sì gbọ́ ohun mìíràn. Ó nawọ́, ó pa á.

Ìgbà náà ló gbọ́ ọ.

Ó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ odò, ó ń lọ sókè, ó ń lọ sódò, bí ẹni pé atẹ́gùn fúnra rẹ̀ ló ń ké. Asiata mọ̀ pé orò ni. Bí ó bá tan ẹ̀rọ yìí, gbogbo ìlú ni yóò mọ ibi tó wà. Ó gbìyànjú láti yí i padà, kó tì í wọ igbó, ṣùgbọ́n ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ sì rọ̀. Alùpùpù fì, ó ṣubú, ó sì tẹ etí ìró rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fà á, kò wá. Ohùn náà ti kọjá odò. Ó fi gbogbo agbára fa ìró náà ya, ó sáré dé ilẹ̀kùn tó sún mọ́ ọn jù, ó sì ń fi èékánná ha á.

"Ẹ jọ̀ọ́. Obìnrin ni mí."

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, ọwọ́ kan gbá a mú, ó fà á wọlé. Ìyá Abíọ́nà ni, oníbàárà rẹ̀ àtijọ́. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ti ká jọ sí igun yàrá, wọ́n fi aṣọ dí ojú fèrèsé.

"Dojú bolẹ̀," ni màmá náà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ta ló ní kó o gun ìjì wọ̀lú? Láti oríta la ti ń gbọ́ ọ. Gbogbo wa gbọ́ ọ, ìwọ nìkan ni o kò gbọ́ ẹnì kankan."

Ohùn náà dé iwájú ilé, ó sì dákẹ́. Asiata gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin, wọ́n ń yí ẹ̀rọ náà ká.

"Ó ṣì gbóná," ni ẹnì kan wí.

Ẹsẹ̀ kan kúrò láàárín wọn, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ ilẹ̀kùn. Asiata ti eyín bọ apá ara rẹ̀ kí ìgbe má baà jáde.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Èmi àtàwọn ọmọ mi ni," ni Ìyá Abíọ́nà dáhùn, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. "Gbogbo wa wà nínú ilé."

Ẹni náà dúró. Ìdúró náà pẹ́ lójú Asiata ju gbogbo ọ̀nà tó ti rìn lọ.

"Kí gbogbo yín wà níbẹ̀."

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n kéde pé ó ti parí, Asiata jáde. Alùpùpù náà ti wà ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹrù rẹ̀ pé, kò sí aṣọ kan tó dín. Lórí ìjókòó, wọ́n ká àkísà ìró rẹ̀ tó ya síbẹ̀, ó rí nigín-nigín bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Àwọn ọkùnrin tó ń kọjá kí i pé ó kú ìrìn. Kò sí ẹni tó bi í ní ohun kan.

"Mú un," ni Ìyá Abíọ́nà wí. "Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Ní òwúrọ̀, ó gba ilé lọ láì ta aṣọ kan. Lójú ọ̀nà, ní gbogbo kọ́nà, ó ń pa ẹ́ńjìnnì, ó ń tẹ́tí kó tó tún tàn án.

Nígbà tó gbé ẹ̀rọ náà padà dé Ìbarà, Mọ́nsúrù tó ń dúró dè é ti ń rẹ́rìn-ín láti òkèèrè. "Ṣé mi ò sọ? Wọ́n á ti mọ̀ pé ẹ dé!"

"Wọ́n mọ̀," ni Asiata dáhùn. Ó kọjú sí Theophilus. "Kékeré yẹn, bí mo bá pa á, ṣé á ṣì máa lọ?"

Theophilus yí irin kékeré kan, ó gùn ún, ó sì ń wa pẹ́dà yí iwájú ṣọ́ọ̀bù ká bíi kẹ̀kẹ́ lásán. Asiata di ojú rẹ̀. Ó gbọ́ ṣéènì tó ń yí. Ó gbọ́ ẹ̀rọ ata ní òdìkejì títì, ó sì gbọ́ obìnrin kan tó ń pe ẹlẹ́kọ.

"Èyí ni mo fẹ́."

"Ìyàwó! Ẹ fẹ́ dójú tì wá ní Ìjemọ̀ ni? Kí ni ńlá ṣe fún yín?"

"Ariwo rẹ̀ pọ̀ jù, Akọ̀wé."

"Ariwo yẹn lagbára ẹ̀!"

"Mo mọ̀." Láwàlì náà bi í nílé, èsì kan náà ló fún un, pé ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Theophilus gbà pé nítorí epo ni.

Ẹ̀ẹ̀rùn tún dé kí ó tó lè gba ọ̀nà Ṣódípẹ̀ lọ. Bí ó ti rí òrùlé àkọ́kọ́ láàárín igi, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ń fi orúnkún tó ń dùn ún wa pẹ́dà díẹ̀díẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dúró, ó mú ẹsẹ̀ kan sọ̀kalẹ̀, ó ká ìró rẹ̀ mọ́ra, ó sì ti yí orí ẹ̀rọ náà padà sí ibi tó ti wá. Ọkàn rẹ̀ ń lù débi pé ó bẹ̀rù kí ìyẹn náà má dí i ní etí.

Lẹ́yìn náà, láti ẹ̀yìnkùlé kan, odó dún. Ó tún dún. Ohùn Ìyá Abíọ́nà ta sókè, ó ń bá ọmọ kan wí pé ó da omi nù.

Asiata mí kanlẹ̀. Kò tan ẹ́ńjìnnì náà mọ́. Pẹ́dà ló fi wọ abúlé.