Ife Tíì Tí Mo Gbé sí Ọwọ́ Ọ̀tún

Nígbà tí tíì gbígbóná náà dà sí bàbá tí mo ń tọ́jú lítan, kì í ṣe itan rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rò. Físà mi ni mo rò. Mo ń fi aṣọ ìnura tútù nù ún, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ṣùgbọ́n lọ́kàn mi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì ti tò sí pápákọ̀ òfuurufú pẹ̀lú àpótí wọn, wọ́n ń dá wa padà sílé. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Ará Jámánì ni bàbá náà. Bọ́ọ̀lù ló gbá jẹun fún ọdún mọ́kànlá, ẹ̀yìn lápá òsì ló máa ń dúró sí, kó tó tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ Becontree, wá sí London. Ìyàwó ti kú, wọn ò bímọ, ó ku òun nìkan nínú ilé tí àwọn àna rẹ̀ fi sílẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ti mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Èmi ni ilé iṣẹ́ wa ń rán láràárọ̀ láti wẹ̀ ẹ́, kí n wọṣọ fún un, kí n sì fún un ní tíì àti búrẹ́dì. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní Ìjẹ̀bú. Níbí, olùtọ́jú arúgbó ni físà mi mọ̀ mí sí, ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ bá sì lé mi ni físà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

"Dádì" ni mo ń pè é láti ọjọ́ kìíní. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnikẹ́ni kò pe òun bẹ́ẹ̀ rí. Bí mo bá ń fi kànìnkànìn pa á lẹ́yìn, á máa fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó le bí igi sọ ìtàn bọ́ọ̀lù rẹ̀ fún mi díẹ̀díẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló bá gbá bọ́ọ̀lù. Kò wọ aṣọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ rí. Líìgì tó ga jù lọ, ọdún kan àbọ̀ péré ló lò níbẹ̀. Gòólù méjì ló gbá wọlé láyé rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sínú àwọ̀n ẹgbẹ́ tirẹ̀, méjèèjì ló sì máa ń kà. Bí mo bá bi í pé kí ló dé tí kò pẹ́ ní líìgì ńlá, á ní, "Kóòṣì bínú sí mi," á sì ní kí n bá òun wá ìbọ̀sẹ̀.

Ẹsẹ̀ òsì nìkan ló mọ̀ ọ́n lò. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, rúlà ni olùkọ́ fi máa ń na òun lọ́wọ́ tí òun bá fi òsì kọ̀wé, títí òun fi kọ́ láti máa fi ọ̀tún ṣe gbogbo nǹkan tí àgbàlagbà bá ń wo òun. Orí pápá nìkan ni wọ́n ti yin òsì òun. Mo ní ìyá mi ì bá ti bá olùkọ́ yẹn dọ́rẹ̀ẹ́. Nílé wa, ta ló tó bẹ́ẹ̀ kó na ọwọ́ òsì sí àgbà? Ta ló jẹ́ fi í mú oúnjẹ?

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe mi ti wá. Nínú fáìlì tó wà lórí fìríìjì bàbá, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé òsì ni kí a máa gbé gbogbo nǹkan sí, torí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di nǹkan mú. Mo kà á, mo sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, láìronú, ọ̀tún rẹ̀ ni mo máa ń gbé tábìlì kékeré náà sí, torí ọ̀tún ni oúnjẹ àgbà máa ń wà lójú tèmi. Orí mi mọ ohun tó wà nínú fáìlì, ọwọ́ mi ò mọ̀ ọ́n. Bàbá náà ò sì sọ nǹkan kan rí. Á máa sọ̀rọ̀, tíì á tutù, èmi á wá bá a di ife náà mú títí á fi mu ún tán.

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo ti pẹ́. Bọ́ọ̀sì ò tètè dé, ìyá arúgbó kan tí mo tún ń tọ́jú sì ń dúró dè mí ní àdúgbò Gascoigne. Mo gbé ife náà lé bàbá lọ́wọ́ ọ̀tún bó ṣe ń gbóná, mo yíjú sí fáìlì láti kọ àkókò tí mo dé. Igbe rẹ̀ ni mo gbọ́.

Nọ́ọ̀sì wá, ó wo itan náà, ó ní kò wọ inú, àmọ́ awọ ibẹ̀ á bó. Ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì, obìnrin kan tí kì í jókòó pẹ́, pè mí lórí fóònù pé òun ń bọ̀ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti wádìí. Ó ní kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ife bọ́ lọ́wọ́ bàbá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ò jẹ́ kí n bọ́ bàtà.

"Daddy wọn, ṣé wọn ò ní cancel sponsorship yín ṣá? Àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ settle sí school o."

"Fọkàn balẹ̀ jàre. Wọ́n kàn fẹ́ ṣe investigation ni."

"Investigation kẹ̀! Ẹ sọ fún wọn pé ọwọ́ bàbá ló gbọ̀n. Ṣebí ọwọ́ ẹ̀ máa ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀?"

Mo ní ó máa ń gbọ̀n. Mi ò sọ fún un pé fáìlì ti kìlọ̀ fún mi. Láti ọjọ́ náà, bí fóònù bá dún, mo máa ń kọ́kọ́ wo ẹni tó ń pè kí n tó gbé e.

Ní Sunday mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creekmouth, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Aṣọ funfun ló wà lọ́rùn gbogbo wa, ẹsẹ̀ lásán la fi dúró lórí sìmẹ́ńtì tútù. A kì í gbàdúrà wúruwùru níbẹ̀. Bí o bá ní ẹ̀bẹ̀, wàá sọ ohun tí o fẹ́ gan-an fún ìyá tó ń darí àdúrà, gbogbo ìjọ á sì gbé e. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ ohun tí mo ṣe.

"Mummy, ẹ bá mi bẹ Olúwa kí ẹnu bàbá kan sọ rere nípa mi lọ́jọ́ Tuesday."

Wọ́n gbé e. Wọ́n fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ títí ọ̀dà ara ògiri fi fẹ́ máa bó. Èmi náà ké "Àmín" débi tí ohùn mi fi há.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá wa ní kí n dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó bi bàbá pé ta ló gbé ife sí ọwọ́ tí kò dáa. Bàbá wò mí, ó wá kọjú sí i.

"Ó fẹ́ gbé e sí òsì," ló ní. "Èmi ni mo kọ̀. Mo ní kó gbé e sí ọ̀tún, kí n dán ọwọ́ mi wò."

Àdúrà gbà, bí mo ṣe béèrè rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ara mi fúyẹ́ bí ẹni pé wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí mi. Ọ̀gá wa mi orí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, bàbá ò mọ ohun tó lè pa á lára mọ́. Ó ní láti òní lọ, ife ike onídèérí ni kó máa fi mu tíì, kí tíì náà má gbóná. Ife tánganran rẹ̀ funfun, tí ẹgbẹ́ tó bá gbá kẹ́yìn fún un lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó gbé e lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè dé. Ó tún kọ ọ́ pé kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì yẹ kó máa dá gbé. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ìyàwó mi kọrin ọpẹ́ nídìí ìkòkò. Èmi ò lè jẹun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró níwájú bàbá, mo na ife ike náà sí i, ó fi òsì gbà á. Ó fà á mu bí ọmọ ọwọ́, kò wò mí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi látọjọ́ yìí pé ọ̀tún ò dáa.

"Bí o ṣe máa ń nàró, tí o máa ń gbé e sí ọ̀tún, olùkọ́ mi ni mo máa ń rí," ló ní. "Mo kàn ń gbọ́ràn ni."

Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tí kò sọ rí, nípa gòólù tó gbá sínú àwọ̀n ara wọn. Aṣọ́lé wọn, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ló ké sí i pé kó dá bọ́ọ̀lù padà fún òun. Ó dá a padà, aṣọ́lé ò sí níbẹ̀. Nígbà tí kóòṣì bi bàbá pé ṣé aṣọ́lé pè é, bàbá ní rárá. Kò tún wọ pápá fún wọn mọ́ títí wọ́n fi tà á sí líìgì ìsàlẹ̀.

"Aṣọ́lé náà ńkọ́?"

"Ó pẹ́ nídìí bọ́ọ̀lù jù mí lọ dáadáa. Ó máa ń fi káàdì Kérésì ránṣẹ́ sí mi. Kò dárúkọ ọjọ́ yẹn rí."

Mi ò mọ̀ bóyá èmi ló ń bá wí. Mo wọ kíṣìnnì, mo ti ilẹ̀kùn, mo pe ọ̀gá wa. Ẹ̀rù bà mí débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tẹ nọ́ńbà náà ṣì.

"Bàbá ò ní kí n gbé e sí ọ̀tún," mo ní. "Mo ka fáìlì, mo sì gbé e sí ọ̀tún. Orí bàbá pé. Èmi ni."

Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n sì fọwọ́ sí i, òun á pa ohun tí òun kọ nípa bàbá rẹ́, wọ́n á sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi. Mo bi í pé ṣé wọ́n á lé mi. Ó ní òun ò mọ̀.

Ìyàwó mi sunkún nígbà tó gbọ́, ó bínú, ó sì tún wá jókòó tì mí. Lẹ́tà náà ò tíì dé bí mo ṣe ń kọ èyí. Bí ìwé bá ti já bọ́ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, àwa méjèèjì la máa ń sáré dìde.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé ìpè yẹn, mo gun àga, mo gbé ife tánganran náà sọ̀kalẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo po tíì sínú rẹ̀. Mi ò fẹ́ gbé tíì gbígbóná kọjá lórí itan bàbá mọ́. Ààyè tó wà láàárín àga rẹ̀ àti fèrèsé lápá òsì há, ọwọ́ òsì mi nìkan ló lè dé ibẹ̀. N kò na òsì sí àgbà rí láyé mi. Mo nà án sí i. Ó fi òsì tirẹ̀ gbà á, ó mu ún, ó ní tíì náà gbóná dáadáa.