Kókó Abíyá Ìyá Mi

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà, ètè gbogbo wa ló là. Títí dòní, bí òórùn òrí tó ń yọ́ lórí iná bá ta sí mi nímú, ọjọ́ yẹn ni mo máa ń rántí.

Amọ̀kòkò ni ìyá mi, ní agboolé wa ní Ìlọrin. Nígbà tó di ọ̀sán, kò lè gbé apá sókè mọ́. Kókó ti so sí i lábíyá, ara ibẹ̀ sì pọ́n títí dé ẹ̀gbẹ́ ọmú. Ìyá bàbá mi ń fi òrí gbígbóná wọ́ ọ fún un.

"Yéè! Ìyá, ẹ rọra o!"

"Má pariwo, ìyàwó. Àpáàdì ló gé ọ níka, egbò náà ló gòkè. Amọ̀kòkò wo ni abíyá rẹ̀ kì í wú?"

Àwọn obìnrin tó ń po amọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín.

Mo ti di abiyamọ kí nọ́ọ̀sì kan tó là mí lójú pé jẹjẹrẹ ọmú pẹ̀lú máa ń mú abíyá wú báyẹn, ìyá mi sì ti pẹ́ ní sàréè.

Lọ́jọ́ kejì, ó pè mí sídìí amọ̀, ó fi ọwọ́ tó ṣì lágbára di tèmi mú, ó ní, "Wò ó dáadáa, kí o lè dá a ṣe." Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti dàgbà ni.