Àwọn Aṣọ Inú Àpótí Ìyá Mi

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Kúdíràtù, ọmọ ọmọ mi, ti ọjà Wàńdó dé pẹ̀lú áńkárá tuntun kan lábẹ́ abíyá. Ó tú u sórí ẹsẹ̀ mi kí n lè bá a wo àwọ̀ rẹ̀. Kí n tó sọ nǹkan kan, òórùn aṣọ tí omi kò tíì kàn ti gba inú yàrá, òórùn líle tó máa ń bá aró tuntun wá yẹn, ojú mi sì ti ń ṣe omi. "Màmá àgbà, ẹ ò fẹ́ràn rẹ̀ ni?" Mo ní mo fẹ́ràn rẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún pé òórùn yẹn ni òórùn ilé tí a kò kọ́?

Houinmè ni wọ́n bí mi sí, níhìn-ín ní Àjàṣẹ́, nínú agbo ilé kan tí àwa ayálégbé ti pọ̀ ju onílé lọ. Yàrá méjì ni tiwa. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, wọ́n kàn fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lójú bí ẹni tó kun àtíkè láìwẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá mi. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ló ti ń kan bẹ́ẹ̀dì àti àga, tó sì ń gbẹ́ wàláà fún àwọn ọmọ kéwú. Ìyá mi ń ta ẹ̀kọ. Bí àwọn èèyàn bá ń gbéyàwó, bẹ́ẹ̀dì a tà, àwa náà a jẹ ẹja. Bí òjò bá dé tí ẹnikẹ́ni kò gbéyàwó mọ́, ẹ̀kọ tí ìyá mi kò rí tà la ó máa jẹ títí ọ̀fun yóò fi kan.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè pe bí a ṣe ń náwó nígbà náà ní ahun. Ìyá mi kì í ra ìṣáná nígbà tí iná bá wà nílé aládùúgbò; yóò fi àpáàdì rán mi lọ bu ògúnná. Okùn ló fi ń gé ọṣẹ sí wẹ́wẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé odidi lọ sí ìdí kànga. Àtùpà kan péré ló ń tàn nílé wa, ẹni tó bá fẹ́ ríran a tẹ̀ lé e kiri. Ọwọ́ ni èmi àti Lìádì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, fi ń gbé bàtà wa títí a ó fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Ibẹ̀ la ti ń nu eruku ẹsẹ̀ kí a tó wọ̀ ọ́. Abájọ tí bàtà Lìádì fi di tèmi lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, tí kò sì tíì gbó.

Ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú gbogbo èyí ló ń di aṣọ. Bó bá ti tó, ìyá mi a lọ sí ọjà, a ra áńkárá kan, a gbé e wálé lábẹ́ ìborùn bí ẹni gbé ọmọ tuntun, a sì tẹ́ ẹ sínú àpótí onípákó tí bàbá mi kàn fún un nígbà tó gbé e níyàwó. Kò rán ọ̀kankan nínú wọn rí. Ó ní owó kì í pẹ́ nílé tí ẹbí pọ̀ sí, ẹni tó bá gbọ́ ìró rẹ̀ yóò wá tọrọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá bẹ̀ ọ́ pé kí o bá òun gé etí aṣọ fi ra oògùn? Lọ́jọ́ Iléyá, nígbà tí gbogbo obìnrin agbo ilé bá ń dán, aṣọ àtijọ́ tí ó ti ṣá ni tirẹ̀. Ó máa ń tì mí lójú. Òun kò ka ojú èèyàn sí.

Bàbá mi a máa fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. "Ìyá Lìádì, àpótí yìí ń jẹun jù wá lọ o."

"Ẹ jẹ́ kó jẹun, Bàbá Lìádì. Òun ni yóò bí ilé fún wa."

Tokpota, létí ìlú, ni wọ́n fẹ́ kọ́ ilé náà sí. Nígbà yẹn, koríko àti ọ̀pẹ ló pọ̀ níbẹ̀ ju èèyàn lọ. Ní ọjọ́ Àìkú, bàbá mi a mú wa rìn lọ wo ilẹ̀ kan tí òun àti onílẹ̀ ti sọ̀rọ̀ lé lórí. A kò tíì san kọ́bọ̀, síbẹ̀ a ti pín yàrá. Lìádì mú èyí tó kọjú sí ọ̀nà. Èmi mú èyí tí yóò wà lẹ́bàá igi ọsàn tí bàbá mi ní òun máa gbìn. Ibì kan náà ni ìyá mi máa ń dúró sí nínú koríko, á sì ní, "Ìdí iná mi rèé."

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ìṣó gún bàbá mi. Ó ń tú bẹ́ẹ̀dì ògbólógbòó kan, ó sì tẹ pákó mọ́lẹ̀; ìṣó tó ti dípatà gba inú sálúbàtà wọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fà á yọ, ó fi epo gbígbóná jó ojú egbò náà, ó sì padà sídìí iṣẹ́. Ìyá mi ní kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, pé òun gbọ́ pé abẹ́rẹ́ kan wà fún un.

"Nítorí ìṣó?" ni bàbá mi wí. "Aṣọ mélòó lo fẹ́ tú fún ìṣó? Ó ku díẹ̀ kí a san owó ilẹ̀."

Mo rí ìyá mi tó wo àpótí, tó tún wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ó lọ gbé omi gbígbóná wá. N kò dá a lẹ́bi. Ta ni nínú wa tí kò tíì sọ fún ìrora rí pé kó ní sùúrù di ìparí oṣù?

Egbò náà jiná lójú. Àfi bí bàbá mi ṣe jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, tí kò lè la ẹnu gba ẹ̀kọ. A kọ́kọ́ rò pé eyín ló ń dùn ún. Nígbà tí oòrùn fi máa ga, ọrùn rẹ̀ ti le bí igi, ara rẹ̀ sì ń fà á sẹ́yìn bí ọrun. Púsúpúsú, ọmọlanke tí wọ́n fi ń kó pákó rẹ̀, la fi gbé e lọ. Ìyá mi ń di orí rẹ̀ mú, Lìádì àti àwọn aládùúgbò ń tì í, èmi ń sáré lẹ́yìn.

Faransé ni dókítà ń sọ. Lìádì nìkan ló gbọ́ ọ dáadáa nínú wa, òun ló sì di ògbufọ̀. Mo ṣì ń rí ojú rẹ̀ bó ṣe yíjú sí ìyá wa. "Ó ní kí ló dé tí a kò tètè gbé wọn wá." Lìádì tún yíjú sí dókítà, ó béèrè oògùn tí a ó rà.

Ìyá mi sáré wálé, ó ṣí àpótí, ó ní kí n ru ìdajì, òun ru ìyókù. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí gbogbo wọn nínú oòrùn. Ẹni tó gbà wọ́n yẹ̀ wò lọ́jà ni obìnrin aláṣọ kan tí ìyá mi ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yọ ṣùtì. "Ìyàwó, àwọn àwòrán yìí ti kọjá o. Ta ló tún ń ró aṣọ ẹlẹ́yẹ?" Ó rí òógùn lójú wa, ó mọ̀ pé a kò lè gbé ẹrù náà padà. Iye tó bá wù ú ló san. Ìyá mi, tó lè fi ìdajì òwúrọ̀ ná ọjà ata, gba owó náà láìkà á.

A ra oògùn. A ra abẹ́rẹ́ tí à bá ti gbà nígbà tí ìṣó ṣẹ̀ṣẹ̀ gún un. Ọwọ́ ìyá mi ni bàbá mi kú sí lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, oòrùn kò sì tíì wọ̀ tí a fi sin ín.

Nígbà tí ìyá mi ṣe opó tán, Lìádì ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ó ti di ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ bàbá wa. Ilẹ̀ Tokpota, ẹlòmíràn ti rà á. A gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kan, a rí àwọn bíríkì tí wọ́n tò sínú koríko. Ìyá mi wò wọ́n, ó tún gèlè rẹ̀ wé, a sì ń lọ. Kò ra aṣọ pamọ́ mọ́. Nínú yàrá méjèèjì ní Houinmè ló ti darúgbó, ibẹ̀ náà ló ti kú.

Ṣùgbọ́n kó tó kú, ó wá kí mi lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tí mo bí àkọ́bí mi. Ó bá ara ọmọ náà ní gbígbóná. Ọkọ mi ní kí a ní sùúrù, owó oṣù kò ní pẹ́ wọlé. Ìyá mi kò bá a jà. Ó yọ yẹtí etí rẹ̀ méjèèjì, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó pọn ọmọ, ó ti jáde. Mo bá a lójú ọ̀nà. Ó ń sọ̀rọ̀, mi ò sì rò pé èmi ló ń bá sọ ọ́. "Ẹni tí yóò gbé inú ilé là ń kọ́kọ́ tọ́jú," ló ń wí, "ẹni tí yóò gbé inú ilé."

Ayé ti yí. Inú fóònù ni àwọn ọmọ mi ń kówó sí báyìí, ìbátan kankan kì í gbọ́ ìró rẹ̀, kò sì ní àwòrán tó ń kọjá bíi ti aṣọ. Tokpota ti kún fún ilé àti ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọ̀kadà tí à ń pè ní zémìjàn ń pariwo níbi tí a ti ń já ewéko. Ṣùgbọ́n owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀ ju tàwọn òbí mi lọ, bí ẹ bá wo ohun tó ń rà. Àwọn náà ń fi ohun òní du ara wọn nítorí ọ̀la. Mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa fi pamọ́, èmi náà ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí kò ní nǹkan nílé, àánú àwọn èèyàn ni yóò máa jẹ. Àmọ́ bí ẹnìkan nínú ilé mi bá ní nǹkan ń dun òun, bó ti wù kó kéré mọ, n kì í béèrè iye tí yóò ná wa. Mo ti máa ń dìde kó tó sọ̀rọ̀ tán.