Bàbá Tó Ń Béèrè Èló

Ẹ bá mi yin àwa Yorùbá Sábón Gàrì ní Zaria, àwa ọ̀làjú, tí a kì í sọ ọmọ lórúkọ láì kọ́kọ́ ròyìn ilé ìwòsàn aládàáni tí wọ́n bí i sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, télọ̀ ọmọ Ìlọrin, ló máa ń ba ìròyìn náà jẹ́. Yóò wúkọ́, yóò sì fi Hausa béèrè sókè pé, "Nawa? Èló ni wọ́n gbà?" Ìyá ọmọ á dorí kodò.

Kò bínú sí dókítà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni dókítà tó dá ilé ìwòsàn náà sílẹ̀, tó máa ń tọ́jú ènìyàn ná kó tó gbowó. Àmọ́ kọ́ńpìnnì kan láti Kàdúná ra ilé ìwòsàn náà, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, dókítà sì di òṣìṣẹ́ wọn.

"Dókítà á wojú aláìsàn," ni bàbá télọ̀ máa ń sọ. "Kọ́ńpìnnì kò lójú tí yóò fi wò ó."

Nígbà tí inú rírun dá a dùbúlẹ̀, ibẹ̀ la sáré gbé e lọ, torí ó sún mọ́ wa. Akọ̀wé ní ká san àsansílẹ̀ ná, owó náà kò sì tó lọ́wọ́ wa. Dókítà jáde, kò lè gbójú sókè.

"Bàbá, ẹ má bínú. Kò sí ní ìkáwọ́ mi mọ́."

"Sannu," ni bàbá dá a lóhùn, bí ẹni ń kí aláìsàn.

A gbé e lọ sí ti ìjọba. Orí bẹ́ǹṣì ló kú sí kí ó tó kàn án.

Nígbà tí ìyàwó mi fẹ́ bímọ, ilé ìwòsàn kọ́ńpìnnì yẹn náà ni mo gbé e lọ, mo sì ròyìn rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ.