Wẹ́bùsáìtì Ilé Àlejò Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ni mo kọ́kọ́ ṣe wẹ́bùsáìtì fún, òun náà sì ni iṣẹ́ ọwọ́ mi kọ́kọ́ dójú tì.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Nígbà tí wọ́n fún wa ní ìpínlẹ̀ tiwa, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń rọ́ wá láti Àkúrẹ́, ilé gbígbé di ọ̀wọ́n ní Adó tó di olú-ìlú, ọ̀pọ̀ wọn sì ń wá ibi sùn sí lọ́dọ̀ wa ní Ìkẹ́rẹ́. Ọkọ Màmá, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí, ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà l'Ékòó àti lókè òkun. Ó tún yàrá márùn-ún ṣe nínú ilé ńlá tó ṣófo náà, ó sọ ọ́ di ilé àlejò. Àlejò kì í wọ́n ńbẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rílé sí Adó tán, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá.

Ìgbà yẹn ni mo ti Ìbàdàn dé, tí mo gbọ́ kọ̀ǹpútà díẹ̀, tí mo sì rò pé mo gbọ́ ọ tán. Mo sọ fún un pé àwọn tó ń ti Èkó àti òkè òkun wálé sìnkú tàbí ṣègbéyàwó ti ń wá ibi tí wọ́n máa wọ̀ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó gbà. Lọ́jọ́ kejì, ó fún mi ní ìwé kan tó fà ya látinú ìwé ìkọ̀wé. Ohun tí àlejò máa ń bi í ló kọ síbẹ̀: ṣé omi ẹ̀rọ ni àbí ti kànga? Aago mélòó ni jẹnẹrétọ̀ máa ń dákẹ́? Ẹni tó bá ń ti Ìṣẹ̀ tàbí Ẹ̀mùrẹ́ bọ̀, níbo ni yóò ti yà?

"Kọ ìwọ̀nyí síwájú, àti nọ́ńbà fóònù mi," ó ní, "kí wọ́n má baà máa wá a kiri."

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ki ìwé náà bọ àpò. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ kànga kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí kọ̀ǹpútà.

Ó ní kí n wá ya àwòrán àwọn yàrá ní Sátidé. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó fọ gbogbo kọ́tìnnì, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì jókòó dè mí títí di ìrọ̀lẹ́. Mi ò lọ. Sáíbà kafé kan ní Adó ni mo wà, mò ń kó àwòrán òtẹ́ẹ̀lì ìlú tí mi ò dé rí: bẹ́ẹ̀dì funfun báláú, àti adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí omi rẹ̀ ń dán. Mo ní màá pààrọ̀ wọn tó bá yá. Mo mú kí orúkọ ilé náà máa ṣẹ́jú wìrìwìrì, mo sì fi nọ́ńbà fóònù sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

"Àwòrán ńkọ́? O ò kúkú wá," Màmá béèrè.

"Mo ti dá ọgbọ́n kan sí i, Mà."

Ó gbà mí gbọ́.

Nígbà Àjíǹde, tọkọtaya kan dé láti Èkó pẹ̀lú ọmọ méjì. Mo wà ńbẹ̀, mò ń jẹ iṣu. Bí wọ́n ṣe já ẹrù, àwọn ọmọ náà mú táwẹ́ẹ̀lì, wọ́n sáré lọ sẹ́yìnkùlé. Kò pẹ́ tí wọ́n padà.

"Mọ́mì, kànga ló wà ńbẹ̀ o!"

Bàbá wọn yọ ìwé kan tó ti tẹ̀ jáde látinú kọ̀ǹpútà. "Mà, ẹ má bínú, ṣé ibí náà nìyí?"

Màmá wọ awò ojú rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó gbójú sókè wò mí.

"Ulé mi kọ́ nìyí," ó ní.

"Ta ló wá ṣe é?" ọkùnrin náà béèrè.

Mo tẹjú mọ́ àwo iṣu mi. Màmá ló dáhùn: "Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Wọ́n dúpẹ́, wọn ò sọ̀rọ̀ burúkú, wọ́n kẹ́rù wọn, wọ́n sì gba ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mọ́tò wọn fi bọ́ sí títì.

Kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn jókòó tì mí. "Gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ tíṣà, mò ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má purọ́." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Àbí ulé mi ń tì ọ́ lójú ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Òótọ́ ló sọ.

Mo yá kámẹ́rà, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lókè, gàdàgbà. Omi, iná, ọ̀nà, àti yàrá rẹ̀ gan-an. Wẹ́bùsáìtì náà kì í pẹ́ ṣí, kódà níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń fà bí ìgbín. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé lọ fún un. Ó kà á bí ẹni tó ń máàkì iṣẹ́ ọmọ kíláàsì, ó fi báírò tún ọ̀rọ̀ kan ṣe.

"Ó dára," ó ní. "Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Ṣùgbọ́n má gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́."

Kí ọdún tó yí, ó ti fi àwọn yàrá náà háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn látìgbà náà, láti Ìṣẹ̀ títí dé Èkó, wọ́n sì máa ń yìn mí pé iṣẹ́ mi kì í da ènìyàn láàmú. Ẹni tó kọ́ mi ni kò jẹ àǹfààní rẹ̀. Mo tún bẹ̀ ẹ́ nípa ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà méjèèjì, ó kàn rẹ́rìn-ín ni, ó bi mí bóyá mo ti jẹun.