Ẹ̀rí Ìyá Mi àti Ẹ̀rọ Tó Ń Kùn

Mo rántí ọdún tí èémí mi di ọ̀rọ̀ gbogbo ìjọ. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀dọ̀fóró mi ti bàjẹ́. Bí kòkòrò bá ti gbèrú níbẹ̀, ibà á dé, àyà á há, wọn á sì gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà wá fún mi ní oògùn apakòkòrò tí à ń mí sínú láti inú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń sọ ọ́ di ìkùukùu. Ó ní kì í ṣe oògùn ìgbà tí àyà bá ti há, pé kí àìsàn má baà tún gbérí ni, nítorí náà kí n máa lò ó bí ara mi tilẹ̀ le.

Oṣù mélòó kan kọjá, n kò rí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ni ìyá mi, tí mò ń bá gbé ní Ìrẹmọ, bá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́rìí pé Olúwa ti wo ọmọ òun sàn, pé kò lo oògùn kankan mọ́. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ ti di ohun ìkọ̀kọ̀, nítorí ó máa ń kùn, àwọn ará ìjọ sì pọ̀ ládùúgbò. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pé kí wọ́n má gba ohunkóhun gbọ́ láìwádìí, inú yàrá ni mo ti ń fa oògùn, tí rédíò ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Nígbà tó yá, ìyá ìjọ méjì wá láti Òṣogbo fún ìsọjí, wọ́n sì wọ̀ sọ́dọ̀ wa.

Ọ̀kan nínú wọn wò mí, ó ní, "Ẹ wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń dán! Ta ní máa gbà pé ẹni yìí ṣàìsàn rí?"

Ìyá mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Jọ̀ọ́, fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ títí wọ́n á fi lọ. Àbí o fẹ́ kí wọ́n máa fi mí ṣẹ̀sín dé Òṣogbo ni?"

Mo fi í sílẹ̀. Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan nínú àyà mi, bí ìgbà tí èèyàn ń rìn lórí ewé gbígbẹ. Ẹ̀rù bà mí débi pé díẹ̀díẹ̀ ni mò ń mí, kí n má baà jí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àwa àti àwọn àlejò jókòó ti ẹ̀kọ àti àkàrà, ikọ́ gbé mi. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó jáde ti ṣe àwọ̀ ewé. Ìyá mi rí i.

Ó gbé ẹ̀rọ wá, ó ti àkàrà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ki wáyà rẹ̀ bọ iná.

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí nìyí? Ṣebí ẹ ní kò lo oògùn mọ́?"

"Irọ́ ni mo pa. Ẹ jẹ́ ó mí."

Ilé ìwòsàn náà la padà lọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, torí oògùn ìdènà nìkan kò lè lé ohun tó ti wọlé jáde. Mo gbádùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù yẹn kò lọ. Ọjọ́ tí ara mi bá le gan-an ló máa ń bà mí jù, torí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń bi mí pé kí ni mo tún ń fi oògùn ṣe. Èmi gan-an a sì máa bi ara mi.